Kànga kan àti ìwé aláìsàn: iṣẹ́ kánsílọ̀ kan ní wọ́ọ̀dù rẹ̀ n'Ìbàdàn

Wọ́ọ̀dù tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí wà nínú ọ̀kan lára àwọn ìjọba ìbílẹ̀ 11 tó wà n'Ìbàdàn. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, mi ò sì ní dárúkọ kánsílọ̀ tó ṣojú rẹ̀, torí pé àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn ṣì ń gbé ibẹ̀, àwọn kan nínú wọn sì sin èèyàn wọn nínú ẹ̀. Wolé-wolé ni mí nígbà náà, ní ẹ̀ka tó ń mójú tó ìmọ́tótó àyíká. Ohun tí ojú mi rí àti ohun tí mo bá wọn jókòó sọ ni mo kọ síbí. Àwọn tí mo fẹ́ kó ka ìwé yìí ni kánsílọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, nọ́ọ̀sì tó ń ṣàkóso ilé ìwòsàn wọ́ọ̀dù, àti wolé-wolé ẹgbẹ́ mi.

Orí ìdagẹ̀rẹ́ ni wọ́ọ̀dù náà wà. Lókè ni àwọn agboolé àtijọ́ wà, ilé alámọ̀ tí wọ́n rẹ́ ní sìmẹ́ǹtì, tí páànù orí wọn ti pọ́n. Nísàlẹ̀ ni odò kékeré kan wà tó ń ṣàn lọ bá Ògùnpa. Iwájú ilé ni kànga máa ń wà, ẹ̀yìn ilé ni ṣáláńgá. Ṣùgbọ́n níbi tí ilé ti há mọ́ra tó báyìí, ẹ̀yìn ilé ẹni tó wà lókè ni iwájú ilé ẹni tó wà nísàlẹ̀.

Kò sí àgbàlagbà níbẹ̀ tí kò mọ ohun tí omi lè ṣe. Àwọn tó ti dàgbà a máa sọ ti omíyalé Ògùnpa ti ọdún 1980. Àwọn ọ̀dọ́ náà rí ti ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ 2011, tó pa èèyàn tó lé ní 100 n'Ìbàdàn. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé bí olóṣèlú bá ti dé ibẹ̀, ọ̀rọ̀ gọ́tà ni wọ́n máa kọ́kọ́ bá a sọ. Kò sẹ́ni tó ń dárúkọ kànga. Omíyalé máa ń pariwo kó tó dé, omi kànga kì í pariwo.

Ilé ìwòsàn wọ́ọ̀dù náà kò ju yàrá mẹ́rin lọ. Nọ́ọ̀sì kan tó tún jẹ́ agbẹ̀bí ló ń ṣàkóso rẹ̀, pẹ̀lú òṣìṣẹ́ ìlera méjì. Màmá Nọ́ọ̀sì ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ilé ìwòsàn náà kò ní omi. Aboyún tó bá fẹ́ bímọ níbẹ̀, àwọn ará ilé rẹ̀ ni yóò ru kẹ́ẹ̀gì omi méjì tàbí mẹ́ta wá, inú kànga kan náà tí gbogbo àdúgbò ń fà ni wọ́n sì ti ń pọn ọ́n.

Òfin ilẹ̀ wa ti 1999 fi kíkó ìdọ̀tí àti ilé ìgbẹ́ gbogbogbò sí ìkáwọ́ ìjọba ìbílẹ̀, ó sì ní kó bá ìjọba ìpínlẹ̀ lọ́wọ́ nínú ètò ìlera. Lójú òfin, ìdílé kan náà ni iṣẹ́ méjèèjì. Lọ́fíìsì wa, yàrá ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Àwọn onílera ń kọ ìwé tiwọn, àwa wolé-wolé ń kọ tiwa, àwọn ìwé méjèèjì kì í sì í pàdé. Mo ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ tipẹ́ kí n tó bá Màmá Nọ́ọ̀sì yẹn sọ̀rọ̀ ju kí n kí i lọ.

Ọmọ agboolé kan níbẹ̀ gan-an ni kánsílọ̀ náà, ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò tíì pé ẹni ogójì ọdún. Ó fẹ́ ṣiṣẹ́, èyí kò ṣòro láti rí. Kò tíì pé oṣù mẹ́ta tó débẹ̀ tó fi ṣètò ọjọ́ ìtọ́jú ọ̀fẹ́. Wọ́n ta kánópì, wọ́n gbé àga sílẹ̀, wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, wọ́n fún àwọn àgbà ní awò ojú. Inú àwọn èèyàn dùn gan-an. Ṣùgbọ́n ìyá arúgbó tí wọ́n bá ẹ̀jẹ̀ ríru lára rẹ̀ gba oògùn ọ̀sẹ̀ kan. Ní ọ̀sẹ̀ kejì kò sí oògùn mọ́, kò sì sẹ́ni tó sọ fún un pé ojoojúmọ́ ni yóò máa lò ó. Owó àpò kánsílọ̀ fúnra rẹ̀ ló bá ètò yẹn lọ.

Lẹ́yìn èyí ló kó àwọn ọ̀dọ́ jọ láti gbẹ́ gọ́tà. Wọ́n ṣe é tọkàntọkàn, wọ́n kó ẹrẹ̀ àti ọ̀rá jáde títí gọ́tà fi mọ́ kedere. Etí gọ́tà náà ni wọ́n sì kó o sí, torí pé kò sí ọkọ̀ tó wá kó o lọ. Òjò alẹ́ méjì péré ló gbá gbogbo rẹ̀ padà sínú. Èmi wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ń gbẹ́ ẹ. Mo mọ̀ pé bí ọkọ̀ kò bá tẹ̀lé ṣọ́bìrì, iṣẹ́ òfo ni, mi ò sì sọ̀rọ̀ lójú ayọ̀ tí mo rí níbẹ̀. Ó yẹ kí n sọ ọ́. Bí òṣìṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ bá dákẹ́ lọ́dọ̀ olóṣèlú tó fẹ́ ṣe dáadáa, òun náà ló ń ba iṣẹ́ jẹ́.

Ọdún 2021 ni òjò yẹn, ọdún tí wọ́n fura pé àrùn onígbáméjì mú èèyàn tó lé ní 100,000 ní Nàìjíríà, tó sì pa iye tó lé ní 3,500 nínú wọn. Ìhà Àríwá ló ti le jù, torí náà ọ̀pọ̀ wa níhìn-ín rò pé ó jìnnà sí wa. Lọ́jọ́ kan, ilẹ̀ kò tíì mọ́ tí wọ́n fi gbé ọkùnrin kan wá sí ẹnu ọ̀nà Màmá Nọ́ọ̀sì. Ojú rẹ̀ ti jìn wọnú, awọ ọwọ́ rẹ̀ ti hun bí ti ẹni tó fọṣọ láti àárọ̀ dalẹ́, ohun tó ń yà sì dà bí omi tí wọ́n fi ṣan ìrẹsì. Kí oòrùn tó yọ, wọ́n ti gbé ọmọdé méjì dé. Àwọn ará ilé ní oúnjẹ òde àríyá ló bà wọ́n nínú jẹ́.

Màmá Nọ́ọ̀sì kò jiyàn oúnjẹ pẹ̀lú wọn. Ó ti ń po ORS, ìyẹn omi oníyọ̀ àti ṣúgà tó ń dá omi padà sára. Onígbáméjì kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Omi àti iyọ̀ tó ń fà jáde lára ló ń pani, ó sì lè pa àgbàlagbà tó ta kébékébé láàárín wákàtí mélòó kan. Bí a kò bá tọ́jú ẹni tó mú gidi, ó lè pa ìdajì wọn. Bí a bá tètè dá omi padà sára wọn, kì í pa tó ẹyọ kan nínú 100. Àwọn tó lè mu ún ló fún ní ORS, ó fi síńkì kún ti àwọn ọmọdé, ó sì ní kí wọ́n gbé àwọn tí kò lè gbé nǹkan mì lọ sí ilé ìwòsàn ńlá fún omi abẹ́rẹ́. Èèyàn méjì ló kú lọ́sẹ̀ yẹn. Ilé ni àwọn méjèèjì ti kú, wọn kò tilẹ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ohun tí kánsílọ̀ kọ́kọ́ rò ni bí yóò ṣe ra omi abẹ́rẹ́ àti oògùn wá. Ó pè mí pé kí n bá òun dé ilé ìwòsàn ká lè kọ ohun tí wọ́n nílò sílẹ̀. Nígbà tí a débẹ̀, Màmá Nọ́ọ̀sì ní, "Ọ̀nọ́rébù, ẹ ṣeun, a máa gba oògùn. Ṣùgbọ́n ẹ jókòó ná, ẹ bá mi wo nǹkan."

Ìwé ńlá elẹ́yìn líle ló gbé sórí bẹ́ǹṣì, èyí tí wọ́n ń kọ orúkọ aláìsàn sí. Bírò pupa ló fi fa ìlà inú rẹ̀. Ibi tó yẹ kí àdírẹ́sì wà, kò sí nọ́ńbà ilé, torí pé ilé ibẹ̀ kò ní nọ́ńbà. Ohun tó kọ síbẹ̀ ni "ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí kékeré", "ilé oníṣọ̀nà", "ilé ìyá alágbo". Mo wò ó títí, ìtúmọ̀ kankan kò yé mi. Àlejò ni mí ní àdúgbò yẹn, òpin iṣẹ́ mi ni ojú títì.

Kánsílọ̀ ló ka orúkọ ibẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fi ìka tọ̀ ọ́ lọ sísàlẹ̀. Nígbà tó dé bí ìlà kẹjọ, ó dákẹ́. Ó padà sókè, ó tún un kà. Lẹ́yìn náà ló gbójú sókè wò wá, ó ní, "Kànga Bàbá Onílù. Gbogbo wọn ló ń fami níbẹ̀. Èmi náà níbẹ̀ ni mo ti ń pọnmi nígbà tí mo wà ní pírámárì."

Mo ka ìgbà yẹn sí ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti yí padà. Nọ́ọ̀sì ní ìwé, kò mọ ilé. Mo mọ ohun tí kànga lè ṣe, mi ò mọ ìwé, mi ò sì mọ àdúgbò. Ẹni tí kò kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn rárá ló so méjèèjì pọ̀, torí pé ọmọ ibẹ̀ ni. Mo ti rí ọ̀pọ̀ ètò tó ń ná owó lórí àwòrán ilẹ̀ àti ẹ̀rọ. Ó dára bó bá wà. Ṣùgbọ́n àwòrán tó wà lórí kánsílọ̀ tó dàgbà sí wọ́ọ̀dù rẹ̀ kò lówó lórí, ẹnikẹ́ni kì í sì í ní kó wá fi ka ìwé.

A lọ síbi kànga náà nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Ẹnu rẹ̀ kò ga ju ilẹ̀ lọ, okùn ti gẹ́ ilà sí etí kọnkéré rẹ̀. Garawa tí gbogbo èèyàn fi ń fà ni wọ́n gbé sórí ilẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹrẹ̀ tí ewúrẹ́ ń tẹ̀. Mo fi ẹsẹ̀ wọn ibi tó wà sí ṣáláńgá ilé òkè. Kò tó ìṣísẹ̀ 15. Iṣẹ́ wa ní kí ó tó mítà 30, kí kànga sì wà lápá òkè. Tiwọn wà lápá ìsàlẹ̀.

A da klórínì, oògùn tó ń pa kòkòrò inú omi, sínú kànga. Lẹ́yìn náà ni a ṣe àṣìṣe: a fi pákó bò ó, a fi ágádágodo tì í. Ní ọjọ́ kejì, ágádágodo ti já. A tún tì í, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lọ sí odò. Ìyá àgbà kan wà níbẹ̀ tó pe kánsílọ̀ mọ́ra, kò pariwo, ó ní: "Ọmọ mi, ẹ ti kànga pa, ẹ ò ṣí omi mìíràn. Kí la fẹ́ fi bomi sẹ́nu ọmọ?"

Kánsílọ̀ kò jiyàn pẹ̀lú màmá náà. Ó bi mí lójú wọn bóyá ohun tí màmá sọ tọ̀nà. Mo ní ó tọ̀nà. A ṣí kànga lọ́jọ́ yẹn gan-an, a ní kí wọ́n máa lò ó fún aṣọ fífọ̀ àti ilé gbígbá nìkan. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera wọ ilé dé ilé láti kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń se omi mímu àti bí wọ́n ṣe ń da klórínì sínú ìkòkò. Kánsílọ̀ gbé ọ̀rọ̀ lọ sí ìjókòó ìgbìmọ̀ aṣòfin ìjọba ìbílẹ̀ ní ọjọ́ kẹta. Alága gbà kí ọkọ̀ omi máa wá lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ títí àrùn náà yóò fi rọlẹ̀, ó sì rọlẹ̀.

Àwọn kánsílọ̀ tuntun, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró díẹ̀ níbí. Kánsílọ̀ kò ní owó tó lè ná. Alága ló ń buwọ́ lu ìwé owó. Ohun tó wà lọ́wọ́ kánsílọ̀ ni ohùn rẹ̀ nínú ìjókòó, ìsúná tí kò lè kọjá láìgba ọwọ́ wọn, òfin ìbílẹ̀ tí wọ́n lè ṣe, àti ẹ̀tọ́ láti pe òṣìṣẹ́ kó wá dáhùn ìbéèrè. Ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà rẹ̀, kánsílọ̀ tí mò ń sọ yìí lo owó tí kò ní, ó sì fi àṣẹ tó ní sílẹ̀. Láti ọjọ́ ìwé aláìsàn yẹn ló ti yí i padà.

Ìgbìmọ̀ ìdàgbàsókè wọ́ọ̀dù tó yẹ kó máa mójú tó ilé ìwòsàn ti wà lórúkọ tipẹ́. Àwọn méjì nínú ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ti kú, ẹnì kan ti kó lọ sí Èkó. Kánsílọ̀ ní kí wọ́n yan àwọn tuntun. Ìyálọ́jà wọlé, lémọ́ọ̀mù mọ́ṣáláṣí kékeré wọlé, pásítọ̀ kan wọlé, ẹnì kan ṣojú ẹgbẹ́ onílé. Láti ìgbà tí Òfin Ìlera ti 2014 ti dá àpò owó ìlera alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, ilé ìwòsàn kan ní wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan lẹ́tọ̀ọ́ sí owó díẹ̀ tààrà, tí wọ́n máa ṣètò níná rẹ̀ pẹ̀lú ìgbìmọ̀ yìí. Owó náà kò lè gbẹ́ kànga ẹlẹ́rọ. Ó tún òrùlé ṣe, ó ra bẹ́ẹ̀dì ìbímọ, ó sì ra táńkì. Nígbà tí táńkì ti dúró sórí irin láìní omi nínú, ó rọrùn fún kánsílọ̀ láti tọ́ka sí i nígbà tí wọ́n ń jókòó lórí ìsúná.

Ọdún kan gbáko ló gbà kí kànga ẹlẹ́rọ náà tó wà nínú ìsúná, kí iṣẹ́ sì tó bẹ̀rẹ̀. Ìjà gidi kò tilẹ̀ sí lórí owó. Ibi tí wọn yóò gbẹ́ ẹ sí ló dájà sílẹ̀.

Àwọn àgbà ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀ fẹ́ kó wà níwájú ilé olórí wọn. Mọ́gàjí agboolé kan náà ní agboolé tòun ló tọ́ sí. Kánsílọ̀ ní inú ọgbà ilé ìwòsàn ni yóò wà, kí wọ́n sì fa ẹ̀rọ mẹ́ta sí ìta ọgbà kí gbogbo èèyàn lè máa pọn ọ́n. Wọ́n ní aláìmoore ni. Ẹnì kan sọ lójú mi pé ẹni tí wọ́n gbé gùn ẹṣin ti gbàgbé ẹni tó di ìjánu mú. Ó lọ kí Mọ́gàjí lálẹ́, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Baba, bí mo bá fi sí agboolé yín, ọjọ́ tí inú bá bí ẹnì kan síra wọn, wọn yóò ti géètì. Nọ́ọ̀sì kì í ti géètì mọ́ aláìsàn." Mọ́gàjí kò dáhùn lálẹ́ ọjọ́ náà. Nígbà tí wọ́n fẹ́ gbẹ́ ẹ, òun ló rán àwọn ọmọ rẹ̀ wá bá wọn ṣán igbó.

Ọ̀rọ̀ ibi tí kànga wà yìí tóbi ju bí mo ṣe kọ ọ́ lọ. Níwájú ilé ẹnì kan, omi di ẹ̀bùn ẹni náà. Ní ilé ìwòsàn, ẹni tó wá pọnmi rí àkọlé àjẹsára lára ògiri, ó rí Màmá Nọ́ọ̀sì, ó béèrè ìbéèrè tí kò ní tìtorí ẹ̀ dìde nílé. Aboyún tí kò ní ru kẹ́ẹ̀gì wá mọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wá bímọ níbẹ̀. Ìwé ìbímọ tó ń gba ọdún kan kó tó kún tẹ́lẹ̀ kún kí ọdún tó pé.

Ti ìdọ̀tí kò gba irú akitiyan bẹ́ẹ̀, ó kàn gba kí á tẹ́tí sílẹ̀. Ìgbìmọ̀ aṣòfin ti ṣe òfin ìbílẹ̀ pé ẹni tó bá da ìdọ̀tí sódò yóò san owó ìtanràn. Èmi àti àwọn ẹgbẹ́ mi lé àwọn èèyàn kiri fún oṣù méjì, odò kò mọ́. Ìyálọ́jà ló sọ fún kánsílọ̀ níbi ìpàdé pé aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ni ọkọ̀ ìdọ̀tí ń dé, nígbà tí àwọn oníṣòwò kò tíì tú ẹrù wọn. Alẹ́ ni ewé, ọ̀rá àti ìdọ̀tí ẹja máa ń pọ̀. Kò sẹ́ni tó máa gbé ìdọ̀tí ẹja sùn nínú ṣọ́ọ̀bù títí di àárọ̀. Kánsílọ̀ bá alákòóso ọkọ̀ sọ̀rọ̀, ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dé nígbà tí ọjà ń tú. Wákàtí tí a yí padà ṣe ohun tí owó ìtanràn kò lè ṣe.

Sáà rẹ̀ parí, kò padà. Àwọn tó bínú lórí kànga kò gbàgbé, wọ́n sì fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀ nínú ẹgbẹ́. Mo lọ síbẹ̀ lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìn tì. Ọkọ̀ ìdọ̀tí ti padà sí àárọ̀, odò sì ti dọ̀tí. Fóònù kánsílọ̀ ló so ọkọ̀ náà mọ́ ìrọ̀lẹ́, kò sí àkọsílẹ̀ kankan. Ó yẹ kí á ti fi wákàtí yẹn sínú òfin ìbílẹ̀ nígbà tí ohùn rẹ̀ ṣì wà nínú ìjókòó. Bẹ́ẹ̀ a kò rántí, torí pé ó ń lọ dáadáa.

Kànga ẹlẹ́rọ ń ṣiṣẹ́ ní tirẹ̀. Ìgbìmọ̀ wọ́ọ̀dù ló ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Owó táṣẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gbà lórí kẹ́ẹ̀gì wà ní báǹkì, èèyàn mẹ́ta ló ń buwọ́ lù ú, wọ́n sì ti fi pààrọ̀ ẹ̀rọ tó ń fa omi lẹ́ẹ̀kan láìtọ́wọ́ bọ àpò ìjọba.

Wọ́n ti gbé Màmá Nọ́ọ̀sì lọ sí ibòmíràn. Nọ́ọ̀sì tuntun tó wà níbẹ̀ kò mọ̀ mí. Mo bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí n wo ìwé aláìsàn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àdírẹ́sì ni Màmá Nọ́ọ̀sì ti fa ìlà mìíràn pẹ̀lú bírò pupa lẹ́yìn àrùn ọjọ́sí, ó kọ "omi ibo?" sí orí rẹ̀. Nọ́ọ̀sì tuntun ṣì ń kọ ọ́. Ó ní bí òun ṣe bá a nìyẹn. Oṣù tó kọjá, àwọn ọmọdé mẹ́ta tí inú ń yọ lẹ́nu wá láàárín ọjọ́ méjì, orúkọ kànga kan náà ló sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó tẹ wolé-wolé láago. Ọjọ́ kẹta ni wọ́n dé síbẹ̀ pẹ̀lú klórínì.